Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé, báwo ni fáírọ́ọ̀sì ṣe ń ti kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn?

Ọmọ_Atẹ̀wé
Ọjọ́ Ẹtì, 8:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá mi tó di olóògbé lọ́dún tó kọjá ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan nílùú Òṣogbo láti 1990 títí di 2003. Nígbà tí a ń kó ẹrù wọn, mo rí àpò kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Dísíìkì ló kún inú rẹ̀ bámúbámú: àwọn ńlá pẹlẹbẹ tó ń tẹ̀ bíi páálí, àti àwọn kékeré tó le. Mo kà wọ́n, 61 ni wọ́n. Bàbá fi bírò pupa kọ ọ́ sára mẹ́rin nínú wọn pé: "ÀRÙN WÀ NÍBÍ. MÁ TÌ Í BỌ Ẹ̀RỌ."

1997 ni wọ́n bí mi. Lójú tèmi, orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí inú ímeèlì lèèyàn ti ń kó fáírọ́ọ̀sì. Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, kò tilẹ̀ ní tẹlifóònù. Lẹ́tà, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Báwo ni àrùn ṣe wá débẹ̀? Ta ló gbé e wá? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kó là mí lóye.


Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀
Ọjọ́ Ẹtì, 8:31 alẹ́

Ẹ kú ìrọ́jú o. Dísíìkì ló ń gbé e rìn. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì ni pé Brain ni fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ló kọ ọ́ ní Pakistan ní 1986. Ẹnì kan á ṣe àdàkọ géèmù fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, àrùn á sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ṣí fáìlì tí àrùn wà nínú rẹ̀ kò lè kó o.


Ẹ̀rọ_Ìkejà
Ọjọ́ Ẹtì, 9:20 alẹ́

Àbúrò, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Láti 1991 ni mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, inú mi sì dùn sí ìbéèrè yìí, torí mo rí i pé àwọn èèyàn ti ń gbàgbé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀, ibi tí o ti sọ pé ẹni tí kò bá ṣí fáìlì kò lè kó o, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wa ti ṣìnà nígbà náà. Àwọn fáírọ́ọ̀sì tó rìn jìnnà jù láyé dísíìkì kò sí nínú fáìlì kankan.

Nígbà tí o bá tan kọ̀ǹpútà àtijọ́, kò tíì mọ nǹkan kan. Ètò kékeré kan wà nínú ṣíìpù lára bọ́ọ̀dù rẹ̀. Òun ló ń yẹ mẹ́mọ́rì wò, tí wàá máa rí nọ́ńbà tó ń gòkè lójú ẹ̀rọ. Tó bá parí ìyẹn, á wo ẹnu A, ìyẹn ibi tí a ń ti dísíìkì bọ̀. Bí dísíìkì bá wà níbẹ̀, á ka abala àkọ́kọ́ lórí rẹ̀, báìtì 512 péré, á gbé e sínú mẹ́mọ́rì, á sì fa gbogbo ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́. Kò ní béèrè pé ta ni ọ́. Kò ní béèrè pé ta ló rán ọ. Bí kò bá sí dísíìkì ní A ló tó máa lọ wo hádì dísíìkì, ìyẹn C. Abala àkọ́kọ́ yẹn là ń pè ní boot sector.

Gbogbo ohun tí ẹni tó kọ fáírọ́ọ̀sì ní láti ṣe ni kó gbé tiẹ̀ sí abala yẹn, kó sì kó ojúlówó tó wà níbẹ̀ pamọ́ sí ibòmíràn lórí dísíìkì kan náà. Ẹ̀rọ jí, fáírọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ jí. Á lọ jókòó sí òkè mẹ́mọ́rì, á wá pe ojúlówó pé kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí DOS, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ìgbà náà, bá fi máa wọlé, ó ti bá àlejò nílé, kò sì mọ̀ pé àlejò ni. Láti ìgbà náà lọ, ètò yòówù tó bá fẹ́ ka dísíìkì tàbí kọ nǹkan sí i, ọwọ́ fáírọ́ọ̀sì ló máa gbà kọjá. O ti dísíìkì oníbàárà bọ̀ ọ́, o ní kí o kàn wo orúkọ fáìlì inú rẹ̀, dísíìkì yẹn náà ti kó o nìyẹn.

Ní ti Brain: Basit àti Amjad Farooq Alvi ni orúkọ àwọn tó kọ ọ́, ní ìlú Lahore, wọ́n sì ń ta kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ wọn, àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù wọn àti nọ́ńbà tẹlifóònù wọn sínú fáírọ́ọ̀sì náà gbangba, wọ́n ní kí ẹni tó bá kó o wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọ̀ wọn. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àwọn tó ń jí ètò tí wọ́n kọ dà kọ làwọn fẹ́ mú. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 1987 ó ti dé Yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà, lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní Lahore. Dísíìkì tó bá kó o, orúkọ dísíìkì náà á yí padà di "(c) Brain". Bí o bá sì fi ètò kan wo abala àkọ́kọ́ nígbà tí Brain wà nínú mẹ́mọ́rì, ojúlówó tó kó pamọ́ ló máa gbé fún ọ wò, kí o lè rò pé kò sí nǹkan kan.

Brain ló kọ́kọ́ tàn ká lórí kọ̀ǹpútà irú ti IBM. Òótọ́ nìyẹn. Kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́ pátápátá. Ní 1982, ọmọ ọdún 15 kan ní Pennsylvania tó ń jẹ́ Rich Skrenta kọ Elk Cloner fún kọ̀ǹpútà Apple II. Ó ti máa ń fọwọ́ kan géèmù tó bá fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó lè dẹ́rù bà wọ́n, títí wọn ò fi gba dísíìkì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ló bá kọ èyí tí yóò máa gbé ara rẹ̀ láti dísíìkì dé dísíìkì, láìjẹ́ pé òun fọwọ́ kàn án. Tó bá di ìgbà àádọ́ta tí wọ́n fi dísíìkì náà jí ẹ̀rọ, ewì kúkúrú kan á jáde lójú kọ̀ǹpútà.


Màmá_Dùgbẹ̀
Ọjọ́ Ẹtì, 10:02 alẹ́

Ẹ ṣeun, Ẹ̀rọ Ìkejà. Ọ̀rọ̀ yín mú mi rántí ohun tó ti pẹ́ nínú mi.

Mo ṣe atẹ̀wé ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, láti 1991 sí 1996. A jẹ́ obìnrin mẹ́ta, ẹ̀rọ méjì la sì ní. Lọ́jọ́ kan ní 1993, ọ̀kan nínú wa tan ẹ̀rọ láàárọ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sì jáde: "Your PC is now Stoned!" Ọ̀gá wa wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà kan, ìyẹn ní ó túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà ti mugbó yó. Inú bí ọ̀gá. Ó ní ọ̀rẹ́ mi yìí ló kọ ọ́ láti fi bú òun, torí wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀ owó oṣù lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ọ̀rẹ́ mi búra títí, kò gbà. Ó ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì láìgba owó. A tún ẹ̀rọ tàn, kò kọ nǹkan kan mọ́, ìyẹn ló wá jẹ́ kó dà bíi pé òun ló kọ ọ́ lóòótọ́.

Èkejì ni èyí tó ń dùn mí jù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ìbàdàn gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún wa, a sì ń tẹ̀ ẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Orí kọ̀ọ̀kan, tábìlì kọ̀ọ̀kan, fáìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ọ̀tọ̀. Wọ́n lé ní ogójì lórí dísíìkì ńlá kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tó wá gbà á, a ṣí dísíìkì náà. Àwọn fáìlì tí a kọ́kọ́ tẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn orúkọ wúruwùru tí èèyàn kò lè kà, lẹ́yìn ìyẹn kò sí nǹkan kan mọ́. Orí kẹrin àti ìkarùn-ún ti lọ. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń sunkún. Mo tún un tẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n àkókò tí wọ́n fún un ti kọjá.

Títí dòní mo gbà pé èmi ni mo tẹ bọ́tìnì tí kò yẹ.


Ọmọ_Atẹ̀wé
Ọjọ́ Ẹtì, 10:15 alẹ́

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀rọ Ìkejà, ohun kan ò tíì yé mi. Dísíìkì bàbá mi, lẹ́tà nìkan ló wà nínú wọn. Kò sí DOS níbẹ̀, kò sí géèmù. Wọn ò lè fi irú dísíìkì bẹ́ẹ̀ jí ẹ̀rọ. Ibo ni fáírọ́ọ̀sì máa gbà jí nínú rẹ̀?


Ẹ̀rọ_Ìkejà
Ọjọ́ Ẹtì, 11:08 alẹ́

Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin. Mo máa kọ́kọ́ dá àbúrò lóhùn, torí ọ̀nà kan náà ni ìdáhùn méjèèjì gbà.

Gbogbo dísíìkì tí DOS bá ti pèsè sílẹ̀ fún ìlò, ìyẹn èyí tí wọ́n bá ti ṣe format rẹ̀, ló ní abala àkọ́kọ́, bí kò tiẹ̀ sí ju lẹ́tà kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Lórí dísíìkì tí kò ní DOS, ètò kékeré tó wà ní abala yẹn kò ní iṣẹ́ méjì ju kó kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé "Non-System disk or disk error", kó sì ní kí o yọ dísíìkì kúrò. Ètò lèyí náà. Kó tó lè kọ ọ́, ẹ̀rọ ti gbé e sínú mẹ́mọ́rì, ó sì ti fa ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wà níbẹ̀, ó ti ṣe tiẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó jáde. Ìwọ á rò pé ẹ̀rọ kọ dísíìkì náà sílẹ̀. Wàá yọ ọ́, wàá tẹ bọ́tìnì kan, ẹ̀rọ á jí láti C bó ṣe máa ń jí. Àmọ́ C ti kó o. Àti ìgbà náà lọ, kò nílò dísíìkì kankan mọ́ láti jí.

Dísíìkì tí ẹnì kan gbàgbé sẹ́nu ẹ̀rọ ní alẹ́, tí ẹ̀rọ wá bá níbẹ̀ láàárọ̀, òun ni ilẹ̀kùn. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi láìmọye ìgbà: kì í ṣe géèmù, kì í ṣe olè ajídàkọ nìkan. Lẹ́tà ìwáṣẹ́ lásán tó.

Màmá, ohun tó bá yín jà ní 1993 ń jẹ́ Stoned. Ìlú Wellington ní New Zealand ló ti jáde, ní nǹkan bí 1987. Ọ̀rọ̀ tí ẹ rí yẹn, kì í jáde nígbà gbogbo. Nígbà tí ẹ̀rọ bá jí láti orí dísíìkì tó ti kó o, ó dà bí ẹni ta ayò ni: ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́jọ ló máa kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi tún un tàn tí ẹ kò rí i mọ́. Ọ̀rẹ́ yín kò kọ nǹkan kan.

Ní ti fáìlì ọmọ yẹn: Stoned máa ń gbé ojúlówó abala àkọ́kọ́ lọ pamọ́ sí ojú kan pàtó lórí dísíìkì, ojú 3 ní ẹ̀gbẹ́ kejì ìlà àkọ́kọ́. Dísíìkì ńlá tí agbára rẹ̀ kéré, 360 KB, ló ní lọ́kàn. Lórí ìyẹn, ojú yẹn jẹ́ ìparí ìwé orúkọ, ibi tí DOS ń kọ orúkọ fáìlì sí, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni ní fáìlì tó pọ̀ débẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí dísíìkì 1.2 MB, tí ó jọ ọ́ lójú, ojú kan náà bọ́ sí àárín ìwé orúkọ gan-an. Orúkọ 32 àkọ́kọ́ á wà. Láti ìkẹtàlélọ́gbọ̀n, báìtì 512 ti abala àkọ́kọ́ ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. DOS á máa gbìyànjú láti kà á bí orúkọ fáìlì, ohun tí yóò sì gbé jáde ni ọ̀rọ̀ wúruwùru tí ẹ rí. Tó bá débi tí báìtì òdo wà, á gbà pé ìwé orúkọ ti parí, kò ní wo ìyókù.

Ẹni tó kọ ọ́ kò ro ti dísíìkì yẹn rárá. Kò pète àtipa iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó pa á.

Èyí tó sì ń dun èmi náà ni pé àwọn orí ìwé yẹn ṣì wà lórí dísíìkì lọ́jọ́ náà. Orúkọ wọn ló lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ì bá kó wọn jáde.


Màmá_Dùgbẹ̀
Ọjọ́ Ẹtì, 11:41 alẹ́

Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Dísíìkì 1.2 ni, mo rántí, torí ẹ̀rọ kejì wa kì í kà á.

Mo ṣì ní nọ́ńbà ọ̀rẹ́ mi. Tí ilẹ̀ bá mọ́ mo máa pè é.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un tó jẹ́ tiwa nílé, torí mo ń rò ó bí mo ṣe ń kà. Ẹ ní dísíìkì tí ẹnì kan gbàgbé sẹ́nu ẹ̀rọ láti alẹ́. Àwa ò nílò alẹ́. NEPA ni. Iná lè lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ọjọ́ tó kanrí. Tó bá lọ, dísíìkì oníbàárà wà lẹ́nu ẹ̀rọ, torí orí rẹ̀ gan-an la ti ń ṣiṣẹ́. A kì í pa bọ́tìnì ẹ̀rọ, a kàn máa jókòó ká máa retí iná. Iná dé, ẹ̀rọ á jí fúnra rẹ̀. Ta ló máa rántí yọ dísíìkì kúrò láàárín ìyẹn?


Ẹ̀rọ_Ìkejà
Ọjọ́ Ẹtì, 11:55 alẹ́

Màmá, ẹ ti sọ ohun tí èmi ò rò dé. Bẹ́ẹ̀ ni. Bọ́tìnì àwọn ẹ̀rọ ìgbà yẹn, bíi ti gílóòbù ni: bí o bá fi í sílẹ̀ ní títàn, iná dé, ẹ̀rọ tàn. Ẹni tó wà níbi tí iná kì í lọ lè jí ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Tiwa ń jí nígbà mẹ́fà, dísíìkì àjèjì sì wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.


Ará_Peckham
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Mo ń kà yín láti Lọ́ńdọ̀nù, oorun ò tilẹ̀ kùn mí mọ́.

Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń gbé inú ètò. Ìparí 1988 ni mo rí Cascade lójú ara mi níbi iṣẹ́. Mo ń kọ lẹ́tà, àwọn álífábẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti ojú ibi tí wọ́n wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ewé igi, títí gbogbo wọn fi ṣù jọ sísàlẹ̀. Ó lẹ́wà, ó sì ń bani lẹ́rù. Jerusalem tún wà, tí wọ́n rí ní Yunifásítì Hébérù ní Jerúsálẹ́mù ní 1987. Ètò tí o bá ṣí ló máa ń wọ̀. Tó bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì tó jẹ́ ọjọ́ 13 oṣù, ètò yòówù tí o bá ṣí lọ́jọ́ náà, ó máa pa á rẹ́. Àṣìṣe kan ló tú u fó: kì í mọ̀ pé òun ti wọ inú irú àwọn ètò kan tẹ́lẹ̀, á tún wọ̀ ọ́, á tún wọ̀ ọ́, ètò náà á máa sanra títí mẹ́mọ́rì ò fi ní gbà á mọ́. Àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ bá mu.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti dísíìkì AIDS. Ní oṣù Kejìlá 1989, nǹkan bí 20,000 dísíìkì jáde láti Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, nínú àpòòwé, pẹ̀lú sítáǹbù. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ nípa àrùn AIDS ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan dé ọ́fíìsì wa. Ọ̀gá wa ní ká má fọwọ́ kàn án, torí kò mọ ẹni tó rán an. Àwọn tó fi í sórí ẹ̀rọ wọn, tí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ ní nǹkan bí ìgbà 90, gbogbo orúkọ fáìlì wọn á dàrú, ìwé kan á sì jáde pé kí wọ́n fi 189 dọ́là ránṣẹ́ sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ kan ní Panama. Mo rántí rẹ̀ nígbà tí mo ka ìtàn Màmá. Orúkọ ni òun náà bà jẹ́, inú fáìlì wà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ti ọkùnrin tó kọ ọ́ yàtọ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Joseph Popp ni orúkọ rẹ̀, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, ará Amẹ́ríkà. Wọ́n mú un, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ Bìrìtìkó sọ pé ọpọlọ rẹ̀ kò pé tó láti jẹ́jọ́.

Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì gidi o, kò gbé ara rẹ̀ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Ẹni tó ń mú lẹ́tà kiri ló gbé e.


Ọ̀dọ́_Ògbómọ̀ṣọ́
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:10 àárọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwọn tó ń ta antivirus gan-an ló ń kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tó ń ta oògùn ló ń tú ẹ̀fọn sílẹ̀.


Ẹ̀rọ_Ìkejà
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:26 àárọ̀

Àbúrò, mo ti gbọ́ ọ láti ọgbọ̀n ọdún, mi ò sì gbà á. Àwọn tí a mọ̀ pé wọ́n kọ ti ìgbà yẹn, a mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Ọmọ ilé ìwé ni Skrenta. Ọlọ́jà ni àwọn ará Lahore, àdírẹ́sì wọn wà nínú rẹ̀. Èyí tó fìbínú kọ jù nínú wọn, tó ń pe ara rẹ̀ ní Dark Avenger, ìlú Sofia ní Bulgaria ló wà, àwọn tó ń ṣe antivirus ló sì ń bá jà.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ìbínú rẹ ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìbẹ̀rù ń tajà. Ní 1992, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Michelangelo wà, ara Stoned ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ jáde. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, ọjọ́ tí wọ́n bí ayàwòrán àtijọ́ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, tí o bá tan ẹ̀rọ tó ti kó o, á fi ìdọ̀tí kọ bo ìbẹ̀rẹ̀ hádì dísíìkì. John McAfee, tó ń ta antivirus, sọ pé ó lè tó ẹ̀rọ mílíọ̀nù 5. Gbogbo ìwé ìròyìn gbé e. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, iye tí wọ́n rí kò ju nǹkan bí 10,000 sí 20,000 lọ káàkiri ayé. Antivirus tà bí ẹní gbóúnjẹ fẹ́bi lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyẹn kò sọ wọ́n di ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó ń pariwo iná láti ta omi yàtọ̀ sí ẹni tó ṣáná.

Nínú àwọn ẹ̀rọ tí mo tún ṣe lọ́dún yẹn, mo rí Michelangelo lórí mẹ́ta, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bátìrì tó ń jẹ́ kí wọ́n mọ ọjọ́ ti kú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tàn án, ọjọ́ kìíní ọdún 1980 ló máa ń sọ.


Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:02 àárọ̀

Mo ti tún èrò mi pa. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ohun kan náà kọ́ ni ti fíláàṣì? Ẹ̀gbọ́n mi ní nígbà táwọn wà ní yunifásítì, tí o bá gbé fíláàṣì lọ tẹ̀wé nígboro, tí o bá gbé e padà, fáìlì kan tó ń jẹ́ autorun.inf á ti wà níbẹ̀.


Ẹ̀rọ_Ìkejà
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:30 àárọ̀

Ọmọ ìyá ni wọ́n. Windows máa ń ka autorun.inf fúnra rẹ̀ tí o bá ti ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, bí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe ń ka abala àkọ́kọ́. Windows 7 ló kọ́kọ́ kọ̀ láti máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún fíláàṣì, àwọn tó ṣáájú rẹ̀ sì gba àtúnṣe náà ní oṣù Kejì 2011.


Màmá_Dùgbẹ̀
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:17 ìrọ̀lẹ́

Mo ti pè é. Abẹ́òkúta ló wà báyìí. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí i létí láti orí tẹlifóònù. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí n tún ibi ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́jọ kà.

Ọmọ Atẹ̀wé, wo ẹ̀gbẹ́ àwọn dísíìkì ńlá bàbá rẹ. Ẹnu gígé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Bí o bá rí ìlẹ̀mọ́ dúdú tàbí fàdákà lórí rẹ̀, kò sí ohun tó lè kọ nǹkan sí dísíìkì yẹn, fáírọ́ọ̀sì náà kò lè kọ ọ́, torí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń kọ̀ ọ́. Àwọn kékeré ní fèrèsé kan ní igun. Tó bá ṣí sílẹ̀ tí o lè rí òdì kejì, a ti dáàbò bò ó nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń ṣe é. Àwa ò mọ̀ ọ́n nígbà náà.


Ọmọ_Atẹ̀wé
Ọjọ́ Àìkú, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Mo ti tú gbogbo àpò náà sórí ẹní.

38 ni àwọn ńlá. Ìlẹ̀mọ́ fàdákà wà lára 35. Àwọn mẹ́ta tí kò ní, mẹ́ta nínú àwọn tí bàbá fi bírò pupa kọ ni wọ́n. Ẹ̀kẹrin tó ní bírò pupa jẹ́ kékeré, fèrèsé rẹ̀ wà ní pípadé. Nínú àwọn 23 kékeré, òun nìkan ni fèrèsé rẹ̀ padé.

Mo tún rí ọ̀kan tó wà nínú àpòòwé lọ́tọ̀, tí kò ní ẹnu gígé kankan rárá. Bàbá kọ ọ́ sára àpòòwé pé: "ÈYÍ NI KÍ Ẹ FI JÍ Ẹ̀RỌ TÍ ARA Ẹ̀RỌ Ò BÁ YÁ."

Mi ò mọ̀ pé bàbá mi mọ nǹkan wọ̀nyí. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà.


Ẹ̀rọ_Ìkejà
Ọjọ́ Àìkú, 7:15 alẹ́

Bàbá rẹ mọ iṣẹ́ wọn dáadáa. Èyí tí kò ní ẹnu gígé yẹn, DOS ojúlówó láti ilé iṣẹ́ ni. Wọn kò gé ẹnu sí i kí ẹnikẹ́ni má bàa lè kọ nǹkan sí i. Fáírọ́ọ̀sì tó ti wà nínú mẹ́mọ́rì ń parọ́ fún ẹni tó bá ń wá a. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí o pa ẹ̀rọ pátápátá, kí o jí i láti orí dísíìkì tó mọ́, kí o tó wá wo C. Ohun tí bàbá ń ṣe nìyẹn.

Má ti ìkankan nínú wọn bọ ẹ̀rọ kankan nílé. Kì í ṣe torí fáírọ́ọ̀sì, kò lè rí kọ̀ǹpútà tòní gbé ṣe. Ẹ̀bu ló lè ti wà lójú dísíìkì, á sì há a ya. Mo ní ẹ̀rọ kan ní ṣọ́ọ̀bù tí kò ní hádì dísíìkì, ó ṣì ń ka méjèèjì. Gbé wọn wá, màá da gbogbo wọn kọ láti abala àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Mi ò ní gba owó.


Ọmọ_Atẹ̀wé
Ọjọ́ Àìkú, 7:22 alẹ́

Ọlọ́run á bù kún yín, ẹ̀gbọ́n. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.


Màmá_Dùgbẹ̀
Ọjọ́ Àìkú, 7:50 alẹ́

Àwọn mẹ́ta tó ní bírò pupa yẹn, Ẹ̀rọ Ìkejà, tí ẹ bá rí èyí tí fáìlì rẹ̀ ju 32 lọ nínú wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́tà àwọn kan lè ṣì wà níbẹ̀.